A Kò Gba Òṣìṣẹ́ Ìjọba ní Àbọ́bakú

Bí ikú bá wọlé tọ ènìyàn, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa ọmọ Oòduà fi ń nu omijé ara wa nù, òun náà ni pé àmúwá Ọlọ́run ni. Opó a sọ ọ́, ọkàn rẹ̀ a fúyẹ́ díẹ̀. Aládùúgbò a gbè é lẹ́sẹ̀. Àlùfáà àti lèmọ́mù a fi ìwé mímọ́ tì í lẹ́yìn. Kò sì sí ẹni tí ó lójú àánú tí yóò já ọ̀rọ̀ náà gbà lẹ́nu ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, nítorí kò sí ohun mìíràn tí ó kù tí yóò gbára lé ní ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹnu iṣẹ́ ìjọba ni ikú ti pa ẹni náà ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ pé orí àkàbà tí ikán ti jẹ ni ó ti já bọ́, tàbí pé ẹ̀gbẹ́ títì ni ó ti ń gbálẹ̀ ní kùtùkùtù òwúrọ̀, láìsí aṣọ tí ń kọ mànà lọ́rùn rẹ̀, tí ọkọ̀ fi gbá a, tí aṣojú ilé iṣẹ́ tí ó rán an níṣẹ́ sì wá dìde níwájú pósí, tí ó tẹrí ba, tí ó ní àmúwá Ọlọ́run ni, ǹjẹ́ ohun kan náà ni òun àti opó jọ sọ?

Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́nu opó, ìtẹríba ni ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́nu ilé iṣẹ́, àwíjàre ni. Ìbéèrè tí mo sì fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò pẹ̀lú sùúrù ni pé: nígbà tí ìjọba tàbí àjọ rẹ̀ bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun yóò dáàbò bo ẹ̀mí àti ara ẹni tí ń ṣiṣẹ́ fún òun, ṣé ó tún kù fún un láti sá pamọ́ sẹ́yìn àyànmọ́ ní ọjọ́ tí aburú bá ṣẹlẹ̀?

Kò sí ìlú tí ó yẹ kí a ti bi irú ìbéèrè yìí tó Ọ̀yọ́ Aláàfin, nítorí pé Ọ̀yọ́ ti bi í rí, ó sì fi ẹ̀jẹ̀ san owó ìdáhùn rẹ̀. Ní ayé àtijọ́, àwọn oyè kan wà ní ààfin tí ikú wà nínú wọn bí eegun ti wà nínú ẹran. Bí ọba bá wàjà, àwọn kan yóò bá a rìn. Samuel Johnson, àlùfáà tí ó ṣe iṣẹ́ Olúwa ní Ọ̀yọ́, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di ọdún 1921 nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti lọ sí àjò àrèmabọ̀, ka orúkọ wọn sílẹ̀ fún wa: Àrẹ̀mọ wà níbẹ̀, Ìyá Ọba wà níbẹ̀, Ìyá Nàsó wà níbẹ̀, Olókùn-Ẹṣin náà kò sì gbẹ́yìn. Àwọn wọ̀nyí ni àbọ́bakú.

Kí a má ṣe fi ojú òde òní bú àwọn baba wa jù, nítorí pé àdéhùn tí ó wà láàárín àbọ́bakú àti ìlú, àdéhùn tí ojú mọ́ sí ni. Kí a tó fi Olókùn-Ẹṣin joyè ni ó ti mọ ohun tí ó ń tọrùn bọ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni ó fi ń jẹ èrè ikú rẹ̀ sílẹ̀: aṣọ tí ọba ń wọ̀ kò ju èyí tí òun lè wọ̀ lọ, ohun tí ojú rẹ̀ bá rí lọ́jà, a kì í fi dù ú, ibi tí ó bá sì gbà kọjá, ọmọdé àti àgbà ni ó ń wárí fún un, nítorí gbogbo ìlú mọ̀ pé ọkùnrin yìí ti fi orí ara rẹ̀ dógò nítorí wọn. Kò sí ẹni tí ó tàn án. Kò sí ẹni tí ó fi ìwé ààbò lé e lọ́wọ́ ní àárọ̀, tí ó sì fi í fún ikú ní ìrọ̀lẹ́.

Síbẹ̀ náà, Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Aláàfin Àtìbà, tí ó tẹ Ọ̀yọ́ tí a ń gbé lónìí dó, ni ó là á sílẹ̀ kí ó tó wàjà ní ọdún 1859 pé Adélù, Àrẹ̀mọ òun, kò ní bá òun kú mọ́, kí ó jọba ni. Ìbàdàn gbà, Kúrunmí, Ààrẹ Ìjàyè, fárígá, ó ní òun kò ní í wárí fún ẹni tí ó yẹ kí ó ti kú, ọ̀rọ̀ náà sì wà lára ohun tí ó bí ogun Ìjàyè, láti ọdún 1860 títí di 1862, tí ìlú ńlá náà fi di ahoro, tí Kúrunmí fi sin àwọn ọmọ rẹ̀ kí òun náà tó tẹ̀lé wọn. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ẹnì kan ṣe wúwo tó! Lẹ́yìn náà, nígbà tí Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù Kìn-ín-ní wàjà ní ìparí ọdún 1944, tí Olókùn-Ẹṣin sì ń múra ọ̀nà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1945, ìjọba òyìnbó dá a dúró, ọmọ rẹ̀ ni ó sì kú dípò baba. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ni Dúró Ládiípọ̀ fi ṣe eré Ọba Wàjà, òun náà ni Wọlé Ṣóyínká gbé ìwé eré rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1975 kà. Ó sì jọ mí lójú pé ọkùnrin kan náà tí ó fi ìwé ro ọ̀rọ̀ ikú tí ipò mú wá ní Ọ̀yọ́ ni ó dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ọdún 1977, nítorí pé kò lè fi ojú rere wo ikú tí ń pa àwọn ènìyàn lójú títì mọ́. Wọ́n tú ẹgbẹ́ náà ká ní 1983, ṣùgbọ́n ní ọdún 1988, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tiwọn sílẹ̀, Ṣóyínká yìí kan náà ni a fi ṣe alága rẹ̀ àkọ́kọ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a gbé lébìrà káńsù sí ẹ̀gbẹ́ Olókùn-Ẹṣin, kí a wò wọ́n. Ìgbà wo ni lébìrà wọ aṣọ ọba? Ọjà wo ni ó wọ̀ tí ohun tí ó wù ú di tirẹ̀? Ìwé tí a fi gbà á síṣẹ́ sọ iye owó oṣù rẹ̀, ó sọ ìgbà tí yóò máa lọ fún ìsinmi, ó sì lè dárúkọ owó ìfẹ̀yìntì bí orí bá ṣe é re; ṣùgbọ́n kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tí a ti kọ ọ́ pé bí ọ̀gá bá kùnà láti ra ìbọ̀wọ́, kí òṣìṣẹ́ fi ìka rẹ̀ dí àlàfo náà. Obìnrin tí ń gbálẹ̀ ní òpópónà, dírẹ́bà tí a fún ní ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ kò dáa, nọ́ọ̀sì tí a ní kí ó tọ́jú aláìsàn tí ara rẹ̀ lè ran ènìyàn láìsí ohun tí yóò fi bo imú, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó bá ìlú dá májẹ̀mú ikú. Bí wọ́n bá wá kú nítorí ohun tí ó yẹ kí a ṣe tí a kò ṣe, a ti sọ wọ́n di àbọ́bakú láìfi wọ́n joyè, èyí sì burú ju ohun tí àwọn baba wa ṣe lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ìjọba kò sọ̀rọ̀. Láti ayé òyìnbó, ní ọdún 1941, ni òfin ti wà pé kí a san owó gbà-máà-bínú fún òṣìṣẹ́ tí ó bá farapa. Òfin ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ dé ní 1955, a sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní 1987, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin yìí kò na ọwọ́ jìnnà: ibi tí ènìyàn mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ti ń fi ọwọ́ ṣe nǹkan ni ó ń ṣọ́ jù lọ, obìnrin agbálẹ̀ ojú títì kò sí lábẹ́ òrùlé rẹ̀. Ní ọdún 1994, Nàìjíríà tọwọ́ bọ àdéhùn 155 ti ILO, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́. Nígbà tí ó sì di oṣù kẹfà ọdún 2022, àjọ náà ní Geneva gbé ààbò àti ìlera lẹ́nu iṣẹ́ sí ipò ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀, ó fi í jókòó ti ẹ̀tọ́ tí ó ní a kò gbọdọ̀ fi ipá mú ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó ká mi lára jù lọ wà nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999. Abala 17 rẹ̀ gbé e lé ìjọba lọ́rùn pé kí ó darí ètò rẹ̀ lọ́nà tí a ó fi pa ìlera, ààbò àti àlàáfíà gbogbo ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ mọ́, tí a kò ní fi wọ́n wewu, tí a kò sì ní rẹ́ wọn jẹ. Ọ̀rọ̀ náà dára, ó dùn létí. Àmọ́ abala 6 inú ìwé kan náà ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn: ó ní ilé ẹjọ́ kò ní agbára láti dájọ́ lórí ìlérí tí ó wà ní orí kejì ìwé náà, ní ibi tí abala 17 yìí wà. Ìlérí wá di ohun tí a ṣe, tí ẹni tí a ṣe é fún kò sì lè gbé e dé iwájú adájọ́. Àwọn amòfin lè bá wa sọ ìdí rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú; èmi kò bá wọn jà.

Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé kíyè sí ni pé ìwé kan náà yìí ní ọ̀rọ̀ ìbúra ní ẹ̀yìn rẹ̀, tí gómìnà àti kọmíṣọ́nnà gbọ́dọ̀ bú kí wọ́n tó jókòó sórí àga. Nínú ìbúra yẹn ni olúkúlùkù wọn ti ń ṣèlérí pé òun yóò sa gbogbo ipá òun láti pa àwọn ìlànà inú orí kejì náà mọ́, bí ó bá sì parí, ó ní kí Ọlọ́run ran òun lọ́wọ́. Ó gbé Bíbélì sókè, tàbí Kùránì. Bí ó bá jẹ́ ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, irin wà fún un. Nítorí náà, ìlérí tí ilé ẹjọ́ ayé kò lè gbọ́ ti dé etí ilé ẹjọ́ mìíràn, òun alára ni ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ gbé e lọ síbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé àti fáìlì nìkan. Ọlọ́run tí a fi ṣe ẹlẹ́rìí ní ọjọ́ ìbúra, Òun kan náà ni a tún padà wá di ẹ̀bi rù ní ọjọ́ ìsìnkú, nígbà tí a bá ní Òun ni ó mú un wá. Ẹni tí ó bá rò ó dé ìsàlẹ̀ yóò rí i pé ìyẹn kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ òdì.

Ẹnì kan lè wí pé, ṣé kò sí àyànmọ́ ni? Ó wà. Èmi kì í ṣe ẹni tí yóò sọ fún Yorùbá pé orí kò sí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí ó kọ́ wa ní àkúnlẹ̀yàn àti àkúnlẹ̀gbà ni ó tún kọ́ wa ní àfọwọ́fà, wọn kò sì fi ìkan bo èkejì mọ́lẹ̀. Wándé Abímbọ́lá, ọmọ Ọ̀yọ́ tí ó kó ọ̀rọ̀ Ifá jọ sínú ìwé, tí ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàlàyé rẹ̀ fún ayé gbọ́, ti jẹ́ kí ó yé wa pé orí rere tí ẹ̀dá yàn lọ́dọ̀ Àjàlá tí ń mọ orí kò tó, àfi bí ó bá fi ẹsẹ̀ kún un: ẹsẹ̀ ni ìgbìyànjú, ẹsẹ̀ ni yóò gbé orí dé ibi tí orí ń lọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó gbé àkàbà ẹlẹgẹ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ ọmọlákejì ti dí orí ẹni ẹlẹ́ni lọ́nà. Ìpín tirẹ̀ nínú ikú náà kò sí lọ́wọ́ Àjàlá, ọwọ́ rẹ̀ ni ó wà. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, bẹ́ẹ̀ ni alákàn kò sọ pé òun kò gba orí gbọ́.

Àwọn ẹ̀sìn méjì tí ó gba ilẹ̀ wa kan kò sì sọ ohun tí ó yàtọ̀ sí èyí. Nínú ìwé Deuteronómì, orí 22, a pa á láṣẹ fún ẹni tí ó bá kọ́ ilé tuntun pé kí ó mọ ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má bàa ti ibẹ̀ ṣubú, kí ẹ̀jẹ̀ má sì wà lórí ilé náà. Ọlọ́run tí ó mọ ọjọ́ ikú gbogbo ènìyàn ni ó pa àṣẹ yìí. Kò sọ pé ẹni tí yóò ṣubú yóò ṣubú. Ó ní kí a mọ ìgbátí, bí onílé kò bá sì mọ ọ́n, ẹ̀bi ẹ̀jẹ̀ wà lọ́rùn onílé. Lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí, hàdíìsì kan wà tí Tírímísì gbà wá, níbi tí ọkùnrin kan ti bi Ànábì bóyá kí òun tú ràkúnmí òun sílẹ̀ kí òun sì gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run, tí Ànábì sì ní kí ó kọ́kọ́ so ó mọ́lẹ̀, kí ó tó gbẹ́kẹ̀ lé E. Ta ni yóò wá sọ pé ọ̀gá ilé iṣẹ́ tí kò so nǹkan kan mọ́lẹ̀, tí ó kàn ń ṣe àdúrà òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ní sẹkitéríàtì, ní ìgbàgbọ́ ju Ànábì lọ?

Àní àwọn tí ń bọ Ògún pàápàá mọ èyí. Ní gáréèjì àti ní ilé iṣẹ́ àwọn tí ń fi irin ṣiṣẹ́, a ń rí ajá tí a pa, a ń rí epo tí a ta sílẹ̀, a sì ń gbọ́ àdúrà pé kí Ògún má fi ẹ̀jẹ̀ wa wẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo alágbẹ̀dẹ ìdílé, ẹni tí baba ńlá rẹ̀ ti ń bọ Ògún kí òyìnbó tó dé: ẹ̀mú ni ó fi ń mú irin gbígbóná, kì í fi ọwọ́ lásán gbá a mú kí Ògún wá gbà á. Ó mọ ibi tí yóò dúró sí kí ìpẹ́pẹ́ iná má bàa ta sí i lójú. Kì í sì í jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì mọṣẹ́ fi ẹwìrì fẹ́ iná. Ìbọ kò gba iṣẹ́ ìṣọ́ra ṣe fún un.

Ọ̀rọ̀ Ṣàngó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 1964, nígbà tí ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ìjọba ń wá àmì tí yóò gbé kalẹ̀ níwájú olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Marina, Èkó, ère Ṣàngó ni Ben Enwonwu ṣe fún wọn, ọba Ọ̀yọ́ tí ń tu iná lẹ́nu. Mo máa ń rò ó pé bóyá àwọn tí ó gbé ère náà kalẹ̀ mọ ìtàn ọba náà dé òpin. Gẹ́gẹ́ bí Johnson ti kọ ọ́, Ṣàngó dán oògùn mọ̀nàmọ́ná wò láti orí òkè, mọ̀nàmọ́ná náà bà lé ààfin òun fúnra rẹ̀, ó sì jó àwọn aya àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ọba náà kò pe àwọn ìjòyè rẹ̀ jọ kí ó sọ fún wọn pé àmúwá Olódùmarè ni. Ọkàn rẹ̀ dàrú, ó ní ọwọ́ òun ni ó ti wá, ó bọ́ adé sílẹ̀, ó jáde nílùú. Ọba Kòso, Olúkòso, aláṣẹ lórí iná, kò sá fún ohun tí iná rẹ̀ jó. Bí ọba tí a ń bọ bá lè gba ẹ̀bi lọ́nà bẹ́ẹ̀, kí ni ó wú ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan lórí tí kò lè sọ pé a kùnà?

Kí a rìn dé Ogbómọ̀ṣọ́ Ajílété. Ní ọdún 1907 ni oníṣègùn George Green, ẹni àkọ́kọ́ tí ìjọ Onítẹ̀bọmi ti apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà rán wá ṣe ìwòsàn ní Nàìjíríà, dé ìlú náà. Iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ni ó dàgbà di ilé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi tí a mọ̀ káàkiri, tí ó sì ti di ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Bowen lónìí. Ilé àdúrà ni ilé ìwòsàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí oníṣẹ́ abẹ kan níbẹ̀ tí ó parí àdúrà tí ó wá ní òun kò fọwọ́ mọ́, pé Olúwa yóò fọ̀ ọ́. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n fọwọ́, wọ́n se abẹ nínú omi híhó. Ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ìlú Ṣọ̀ún ti ń wo èyí tí kò sì rí ìjà kankan láàárín àdúrà àti ọṣẹ. Ọ̀rọ̀ tí a gbà láti inú yàrá iṣẹ́ abẹ, kí ni ó dé tí kò wọ ọ́fíìsì káńsù, tí kò dé ibi tí wọ́n ń gbẹ́ gọ́tà, tí kò dé ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ń kó ilẹ̀?

Òwe kan wà tí gbogbo wa fẹ́ràn, mo sì fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí rẹ̀: ikú tí ìbá pani, bí ó bá ṣí ni ní fìlà, ká máa dúpẹ́. Òtítọ́ ni, ó yẹ kí a dúpẹ́. Ẹni tí ó jáwọ́ nínú ewu tí kò dúpẹ́, abara-moore-jẹ ni. Ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí pé lẹ́nu iṣẹ́ wa, lẹ́yìn ọpẹ́ yẹn, ọ̀rọ̀ parí. Wáyà já lórí òpó, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin kan, kò kàn án: a kọrin, a pín mínírà, ó parí. Ọkọ̀ àjọ kan tàkìtì lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ogbómọ̀ṣọ́, ọ̀nà tí gbogbo wa mọ ohun tí ó ti gbé mì, àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ jáde láìfarapa: ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, sàráà ní mọ́ṣáláṣí, ó parí. Kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé táyà ti gbó láti ìgbà wo, kò sí ẹni tí ó bi í pé ta ni ó fọwọ́ sí i pé kí ọkọ̀ náà jáde. Ikú tí ó ṣí ni ní fìlà ti mọ ọ̀nà ilé. Bí ó bá tún padà wá, kì í ṣe fìlà ni yóò mú. Ọpẹ́ tí kò bá tún ọ̀nà náà ṣe kò tíì pé lójú ẹni tí a ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun mìíràn tí ń pa wá ni pé a kì í fẹ́ gbọ́ ìkìlọ̀. Kí òṣìṣẹ́ kékeré kan dìde nínú ìpàdé kí ó ní, “Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ má bínú o, àkàbà yẹn yóò pa ènìyàn lọ́jọ́ kan,” ohun tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni, “Olúwa má jẹ̀ẹ́! Ẹnu rẹ kò ní í ṣẹ!” Gbogbo ilé a ṣe àmín, ẹni náà a jókòó, àkàbà a sì wà níbi tí ó wà. A sọ olùkìlọ̀ di aláfọ̀ṣẹ burúkú. Ṣé kì í ṣe àwa náà ni a ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n? Báwo ni arọ yóò ṣe gbọ́ tẹ́lẹ̀ bí a bá ti di ẹnu ẹni tí ń sọ? Lójú tèmi, kò sí ìlérí ààbò tí ó nítumọ̀ ní ilé iṣẹ́ ìjọba kankan àfi èyí tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi pé ẹni tí ó kéré jù lọ níbẹ̀ lè sọ pé èyí léwu, kí a sì kí i pé ó ṣeun, kí a má fi lẹ́tà ìbéèrè dá a lóhùn.

Wọ́n á ní owó kò sí. Mo mọ̀ pé owó kò pọ̀ ní àpò ìjọba ìbílẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọkọ̀ pánápáná kì í ṣe ohun tí a ń fi owó ọjà kan rà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, nígbà tí iná sọ ọjà Akẹ̀sán, ọjà ọba, di eérú ní Ọ̀yọ́, gbogbo ìlú rí i bí iṣẹ́ àwọn tí ń bá iná jà ti ṣe pàtàkì tó. Ìjọba ìpínlẹ̀ tún ọjà náà kọ́, ó ṣe dáadáa, mo sì yìn ín. Ṣùgbọ́n a mọ iye ṣọ́ọ̀bù tí a kọ́. Ẹ jẹ́ kí a máa bèèrè bákan náà iye akoto, iye bàtà, iye aṣọ tí iná kò ràn tí ó wà fún àwọn tí a óò pè bí iná mìíràn bá ṣẹ́yọ. Yàtọ̀ sí èyí, púpọ̀ nínú ohun tí ń dá ẹ̀mí sí kò gba owó rẹpẹtẹ. Kí a má rán ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ kò dáa jáde, kò náni ní kọ́bọ̀. Kí àwọn agbálẹ̀ má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ kedere, kò náni ní nǹkan kan.

Òṣìṣẹ́ náà ní ẹrù tirẹ̀ láti rù, èmi kò ní í bò ó. Ẹni tí a fún ní akoto tí ó fi ń bu omi, ẹni tí a fún ní ìbọ̀wọ́ tí ó tà á, ẹni tí ó ní ara òun le, òun ti gbé oògùn jẹ, ìbọ̀wọ́ kò tọ́ sí òun, wọ́n wà láàárín wa, ẹ̀jẹ̀ ara wọn ni wọ́n sì ń fi ṣeré. Àmọ́ kí á má gbàgbé pé agbára wọn kò dọ́gba: ẹni tí ó lè pàdánù oúnjẹ oòjọ́ rẹ̀ bí ó bá kọ iṣẹ́ kò ní òmìnira tó ẹni tí ó jókòó tí ó ń fi kálámù rán an.

Nítorí náà mo bẹ ẹ̀yin alága káńsù ní Àtìbà àti ní ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn Ọ̀yọ́, ẹ̀yin tí ẹ wà ní àríwá àti gúúsù Ogbómọ̀ṣọ́, àti ẹ̀yin ọ̀gá àjọ ìjọba gbogbo: ẹ tẹ ìlérí ààbò yín ní èdè Yorùbá, ẹ lẹ̀ ẹ́ sí ibi tí lébìrà ti ń fọwọ́ sí ìwé ní òwúrọ̀, kì í ṣe sínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá, ẹ sì máa san owó tí òfin ọdún 2010 lórí gbà-máà-bínú fún òṣìṣẹ́ ní kí ẹ san sí NSITF, àjọ ìjọba tí ń bójú tó owó náà, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tí ẹ ń san, nítorí òfin náà kò yọ ìjọba sílẹ̀.

Ìwọ òǹkàwé pẹ̀lú, bí ènìyàn rẹ bá farapa tàbí tí ó kú lẹ́nu iṣẹ́, sunkún rẹ, sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni bí ó bá tù ọ́ nínú, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ọjọ́ 14 kọjá kí o tó fi tó ilé iṣẹ́ náà létí, nítorí iye ọjọ́ tí òfin náà fún òṣìṣẹ́ àti àwọn ẹbí rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ 7 ni ó fún agbanisíṣẹ́ láti fi ìpalára tó àjọ NSITF létí, ọdún kan sì ni ó fi sílẹ̀ fún ìwé ìbéèrè owó náà. Opó tí ọkọ rẹ̀ kú sẹ́nu iṣẹ́, tí ó sì fi ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ fún un, ní ẹ̀tọ́ sí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù olóògbé, lóṣooṣù. Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe sàráà.